Ọmọ mi ti kú láti 1994, kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ni ẹkún ẹ̀ ń bọ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ọ̀fọ̀ téèyàn ò ráyè sunkún ẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ máa gùn, ẹ bá mi ní sùúrù, ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà àkọ́kọ́

Ẹ̀yin Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yìí ṣùgbọ́n mi ò kọ̀wé sí yín rí. Ọmọ ọdún 58 ni mí, kàǹpálà ni mò ń tà ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta níbí, Asero ni mò ń gbé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, mo sì ti wà nínú Mothers' Union ó lé ní 20 ọdún.

Ní 1994 ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ìkejì kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ibà ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di gìrì, a gbé e dé ọsibítù lóru, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi dákẹ́. Àwọn àgbà ẹbí ọkọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ìyá kì í mọ ibojì ọmọ ẹ̀, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún mi títí dòní. Kí n tó dé ilé, àbúrò ọkọ mi ti kó gbogbo aṣọ ẹ̀ àti bàtà ẹ̀ lọ, fọ́tò kan ṣoṣo tó wà, wọ́n fà á ya. Oyún oṣù méje wà nínú mi nígbà yẹn. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, má sunkún o, ẹkún ò dáa fún oyún. Mi ò sì sunkún lóòótọ́. Mo bímọ obìnrin, mo padà sí ìsọ̀, ọkọ mi náà ò dárúkọ ọmọ yẹn mọ́ títí òun náà fi kú ní 2013, ayé ń lọ.

Ọmọbìnrin tí mo bí nígbà yẹn ti wà nílé ọkọ, ọmọ tiẹ̀ pé ọdún mẹ́rin lọ́dún yìí, wọ́n wá mú un wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi. Mò ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kẹ̀yìn sí mi, mo rí ọrùn ẹ̀ látẹ̀yìn, Àǹtí, ọmọ mi ni mo rí. Mo jókòó sílẹ̀ nínú bálùwẹ̀ mo bú sẹ́kún, ẹ̀rù ba ọmọ náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Láti ọjọ́ yẹn mi ò mọ ara mi mọ́. Tí wọ́n bá ti dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí omi á máa bọ́ lójú mi, oorun ò kùn mí, oúnjẹ ò wù mí jẹ, mo lè wà ní ìsọ̀ kí kọ́sítọ́mà máa bá mi sọ̀rọ̀ kí n má gbọ́ ohun tó ń sọ.

Mo sọ fún ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wa. Ó ní ẹkún ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ojú lásán, pé ẹ̀mí ìbànújẹ́ ni, kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu kí wọ́n wá ṣe ìtúsílẹ̀ fún mi. Ẹlòmíì ní aláìmoore ni mí, pé ọmọ mẹ́ta tó wà láàyè ńkọ́. Mo ní ọ̀rẹ́ méjì nínú ẹgbẹ́ yìí, ọjọ́ wa ti pẹ́, ọ̀kan nínú wọn mọ ọmọ yẹn dáadáa, ó máa ń pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ fún wọn. Nínú àwọn ọmọ mi, àkọ́bí nìkan ló lè mọ̀ pé òun ní àbúrò kan rí, mi ò sì mọ̀ bóyá ó rántí. Ṣé wèrè ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni? Ṣé ìgbàgbọ́ mi ló kéré? Ṣé kí n sọ fún àwọn ọmọ?

— Ìyá Oníkàǹpálà, Asero

Èsì

Màmá mi, ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ yín. Ẹ kú àfẹ́kù. Olúwa á tù yín nínú. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí mo ka lẹ́tà yín títí mi ò ríbi tẹ́nikẹ́ni ti kí yín kú ọ̀fọ̀ tí kò fi "ṣùgbọ́n" tì í. Ọmọ ọdún mẹ́rin, tó ti ń sáré káàkiri ilé, tó ti ń dá yín lóhùn, tó mọ orúkọ ara ẹ̀, odindi èèyàn ni, ó kú, ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sunkún ẹ̀.

Wèrè kọ́ o. Ìgbàgbọ́ yín náà ò kéré. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín bó ṣe yé mi.

Lóru ọjọ́ yẹn wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ yín, kílẹ̀ tó mọ́ aṣọ ẹ̀ ti lọ, fọ́tò ẹ̀ ti ya, wọ́n ní kẹ́ ẹ má sunkún, nígbà tó yá orúkọ ẹ̀ gan-an di ohun tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pè nínú ilé. Kí ni wọ́n wá fi sílẹ̀ fún yín tẹ́ ẹ máa fi ṣọ̀fọ̀? Mi ò bú àwọn àgbà o, mo mọ ohun tí wọ́n rò. Láyé ìgbà tí wọ́n fi dá àṣà yẹn sílẹ̀, ilé tí ọmọ ò ti kú rí ṣọ̀wọ́n, wọ́n rò pé tójú ìyá bá ti kúrò níbẹ̀ ọkàn ẹ̀ náà á kúrò níbẹ̀, àwọn míì tún ń bẹ̀rù àbíkú, pé téèyàn bá ń ké pè é á tún padà wá dá wọn lóró. Àánú yín ló ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n àánú yẹn náà ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè sunkún. Àti ọ̀rọ̀ omi ló dànù agbè ò fọ́ yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí, ẹ jẹ́ ká yé sọ ọ́ fún obìnrin tọ́mọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ìyá yẹn mọ̀ pé òun ṣì lè bí òmíràn, èyí tó lọ ló ń sunkún, kò sí ọmọ tó lè wá gba ipò ẹ̀.

Àwọn dókítà náà mọ̀ nípa ẹkún tó máa ń pẹ́ kó tó dé. Ní November 1942 iná jó ilé fàájì ńlá kan ní Boston l'Amẹ́ríkà, Cocoanut Grove lorúkọ ẹ̀, èèyàn 492 ló bá a lọ. Dókítà kan tó ń jẹ́ Erich Lindemann wà lára àwọn tó bá àwọn tó yè níbẹ̀ àtàwọn tí èèyàn wọn kú ṣiṣẹ́, nígbà tó wá kọ ohun tó rí jáde ní 1944, ó ní tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ èèyàn nígbà tí iṣẹ́ pàtàkì wà níwájú ẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ pé òun làwọn tó kù ń wò kí ọkàn tiwọn lè balẹ̀, ó lè máà sunkún rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí kó tiẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ obìnrin kan tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tí ìbànújẹ́ wá bò ó ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí wọ́n jókòó bá a sọ ọ́ ni wọ́n wá rí i pé ikú ìyá gan-an kọ́ ló gbà á lọ́kàn, ọmọ ìyá ẹ̀ ọkùnrin tó ti kú láti 20 ọdún sẹ́yìn ni. Ẹ̀yin náà ẹ wo tiyín. Oyún oṣù méje, ọmọ kékeré kan nílẹ̀, ọkọ tí òun náà ò lè sọ̀rọ̀, ọjà tó ń dúró dè yín ní Ìtòkú. Ìgbà wo lẹ fẹ́ sunkún ẹ̀? Ọmọ-ọmọ yín wá dé ọjọ́ orí tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ rí ọrùn ẹ̀. Nǹkan bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣí i, ọmọ míì tó dé ọjọ́ orí ẹni tó lọ, òkú ẹlòmíì, ìfẹ̀yìntì, ìgbà táwọn ọmọ ti lọ tán tílé wá dákẹ́, nígbà míì orin kan péré ni.

Àwọn tó ń sọ pé ọgbọ̀n ọdún ti pẹ́ jù, ṣebí Abẹ́òkúta yìí náà la wà. 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn, òun àti ìyá ẹ̀ Àfàlá sì pínyà. Ó di August 1846, ọdún 25 lẹ́yìn náà, kí ìyá tó gbọ́ pé ọmọ òun wà níbí, ó wá a wá. Crowther fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé bí ìyá ṣe rí òun ara ẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn ni, omijé ńláńlá sì ń ṣàn lójú ìyá tó ti rù. Nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní 1848, Hannah ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Mo mọ̀, Màmá, pé ìyẹn rí ọmọ tiẹ̀ láàyè, mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ yín dọ́gba. Ohun tí mò ń wí ni pé ìyá tó sunkún ọmọ lẹ́yìn ọdún 25 ti wà nílùú yìí rí, nínú ìjọ Áńgílíkà kan náà tẹ́ ẹ wà yìí, ta ló jẹ́ sọ fún un pé ẹkún ẹ̀ kì í ṣe ojú lásán?

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí Bíbélì. Ẹsẹ tí wọ́n sábà fi ń dá wa lẹ́kun ni 1 Tẹsalóníkà 4:13. Pọ́ọ̀lù ò ní ká má banújẹ́ níbẹ̀, ó ní ká má banújẹ́ bí àwọn tí kò nírètí, ẹni tó nírètí náà ń banújẹ́ nìyẹn. Ẹ lọ ka ìwé Rúùtù lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má wo ti Rúùtù àti Bóásì tí wọ́n máa ń wàásù ẹ̀ níbi ìgbéyàwó, ti Náómì ni kẹ́ ẹ wò. Ọkọ ẹ̀ kú ní Móábù, ọmọkùnrin ẹ̀ méjèèjì kú, ó padà sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, àwọn obìnrin ìlú jáde wá pàdé ẹ̀, ó ní kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, Márà ni kí wọ́n máa pè òun torí Olódùmarè ti mú ayé korò fún òun. Wọ́n gbọ́ ọ. Kò síbi tá a ti kà á pé wọ́n bá a wí tàbí wọ́n ní aláìmoore ni. Nígbà tó dé orí kẹrin tí ọmọ-ọmọ dé, àwọn obìnrin àdúgbò yẹn náà ló wà níbẹ̀, àwọn ló tiẹ̀ sọ ọmọ náà ní Óbédì, Náómì sì gbé e lé àyà ẹ̀. Ìyá tí ọmọ méjì ti kú mọ́ lọ́wọ́ gbé ọmọ-ọmọ lé àyà. Bíbélì ò sọ bóyá omi bọ́ lójú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi gbà pé ó bọ́.

Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ má gbà á. Mo gbà gbọ́ nínú ààwẹ̀, mo gbà gbọ́ nínú ìtúsílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn tí kò jẹun, ẹ ò lè ní kó má mu omi fún ọjọ́ mẹ́ta, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ. Tí aṣáájú yín bá bínú, kó bínú díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín méjì ló wá jẹ mí lógún jù. Ẹ lójú ń tì yín, mo mọ̀ ọ́n, obìnrin tó ti ń ṣe àgbà láàárín ẹgbẹ́, tó jẹ́ pé òun làwọn èèyàn ń bá sunkún, kì í rọrùn kó wá sọ pé èmi náà rèé. Ṣùgbọ́n kí la ṣe ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀? Obìnrin tó dá Mothers' Union yín sílẹ̀, Mary Sumner, ní 1876 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí ọmọ ẹ̀ obìnrin bímọ tó di ìyá àgbà ló rántí bí nǹkan ṣe nira tó fún òun nígbà tí òun fúnra òun kọ́kọ́ di ìyá, ìyẹn ló jẹ́ kó kó àwọn ìyá jọ kí wọ́n máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ ò rí i bó ṣe jọ tiyín! Yúnífọ́ọ̀mù àti ìdúpẹ́ ọdọọdún dáa, mi ò ní kò dáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé wá yìí gan-an ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a sílẹ̀.

Ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ má sọ ọ́ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ láéláé, ẹ má sì sọ ọ́ ní géètì ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìpàdé nígbà tẹ́nì kan ń wá ọ̀kadà. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì wá sílé yín lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, ẹ se oúnjẹ díẹ̀, ẹ tilẹ̀kùn. Ẹ wá sọ ọ́ báyìí, kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀: "Ẹ rántí ọmọ mi tó kú ní 1994? Wọn ò jẹ́ kí n sunkún ẹ̀. Ẹkún ẹ̀ ti dé báyìí, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá a dúró, ẹ kàn jókòó tì mí." Tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ kánjú bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú, ẹ ní kó dúró ná.

Èyí tó máa ń pọ̀n ọ́n yẹn, ẹ bi í ní ìbéèrè. Kí ló máa ń sọ tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀? Oúnjẹ wo ló fẹ́ràn? Ṣé ó máa ń kọrin? Fọ́tò tí wọ́n fà ya, ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣì wà lójú ẹni yẹn, ọgbọ̀n ọdún lòun náà fi ń gbé e káàkiri láìrẹ́ni sọ ọ́ fún, torí ó ń bẹ̀rù pé tóun bá dárúkọ ẹ̀ òun á dá yín lóró. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé òun náà á sunkún. Ẹ pe orúkọ ọmọ náà, ẹ pe oríkì ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ inú yàrá yẹn. Tó bá rẹ̀ yín ẹ jẹun, kí wọ́n wá gbàdúrà wàyí kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n sì tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí kò ní tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn. Àkọ́bí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, òun nìkan, torí ó ṣeé ṣe kó rántí ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ọmọ tó ń bá àbúrò ẹ̀ ṣeré lánàá tí wọ́n wá ní kò sí mọ́ lónìí tẹ́nikẹ́ni ò ṣàlàyé fún un, ó ṣeé ṣe kí nǹkan wà lọ́kàn òun náà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá sọ fún àwọn tó kù. Èyí obìnrin tẹ́ ẹ lóyún ẹ̀ nígbà yẹn, ẹ rọra bá a sọ ọ́ o, kó má lọ máa rò pé òun lòun ò jẹ́ kí ìyá òun sunkún, kó má sì bẹ̀rù láti mú ọmọ ẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín mọ́. Ẹ sọ fún un kedere pé ọmọ ẹ̀ ò ṣe yín ní nǹkan kan, pé ẹ fẹ́ máa rí i.

Ọ̀rọ̀ ibojì, tó bá ku ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó sin ín, ẹ ní kí àkọ́bí yín bá yín lọ, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ bi wọ́n. Àwọn míì máa ń sọ báyìí tí wọn ò jẹ́ sọ nígbà yẹn. Tí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ lọ bá Fíkà yín kó dárúkọ ọmọ náà nínú ìsìn, kẹ́ ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín àtàwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn jọ jókòó lórí ìjókòó kan.

Ohun tó kù ni ti dókítà. Tí oorun àti oúnjẹ bá ṣì kọ̀ yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i, tẹ́ ẹ bá ń rù, tẹ́ ẹ ò lè lọ sí ìsọ̀ mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Tó bá wá jẹ́ pé ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ kú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan, ọjọ́ yẹn náà ni. FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀, wà ní Ìdí-Àba, ọsibítù Aro tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ náà wà nílùú yìí. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ Aro nílùú yìí wọ́n á ní wèrè ni, ọ̀rọ̀ yẹn ti pa àwọn èèyàn lára púpọ̀. Àwọn tó ń lọ gbàtọ́jú níbẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n ń padà sílé lọ́sàn-án wà o, títí kan àwọn tí oorun kàn kọ̀. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ó ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí mọ̀lẹ́bí sì wà pẹ̀lú wọn, torí ó mọ̀ pé oògùn nìkan ò tó, èèyàn nílò èèyàn. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín sìn yín lọ.

Lẹ́tà kejì

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Àwa obìnrin márùn-ún la jọ máa ń gbàdúrà láàárọ̀ Sátidé ní Obantoko, ṣọ́ọ̀ṣì wa ò papọ̀ ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa ti wà láti ilé ìwé. Ọkọ ọ̀kan nínú wa kú ní 2022, kí wọ́n tó sin ín tán àwọn ẹbí ọkọ ti dé lórí ọ̀rọ̀ ilé, ó wá di kóòtù, gbogbo àkókò yẹn kò sunkún lójú wa, gbogbo èèyàn ń yìn ín pé akin obìnrin ni. Kóòtù ti dá ilé fún un báyìí. Dípò kó máa yọ̀, ńṣe ló ń jágbe mọ́ wa, kò wá àdúrà mọ́, ó ní ká lọ jókòó ti àwọn ọkọ wa ká fi òun sílẹ̀. Ṣé ká fi sílẹ̀ lóòótọ́ ni?

— Ọ̀rẹ́ Ẹ̀, Obantoko

Èsì

Ẹ má fi sílẹ̀ o. Ẹjọ́ ló gbé e dúró. Nígbà tó ń jà fún orí ilé tí àwọn ọmọ ẹ̀ ń gbé, kò ráyè banújẹ́, ó ń wá lọ́yà, ó ń wá ìwé ilẹ̀, ó ń wo ojú àwọn tó fẹ́ lé e jáde. Ẹjọ́ wá parí, ó délé ó jókòó, ọkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ikú ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni. Ìbínú tẹ́ ẹ sì ń rí yẹn, ẹ̀yin ló ń bínú sí torí ẹ̀yin ló mọ̀ pé ẹ ò ní torí ẹ̀ kọ òun sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń dùn mí nípa àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ìsìnkú kò sẹ́ni tó lè bá wa du ipò, a ó gbé kúlà, a ó dáná, a ó wọ aṣọ kan náà, a ó kọrin títí ohùn á fi há. Tó bá fi máa di ogójì ọjọ́, kò ní ku ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé opó máa ń ṣófo jù, àti lọ́dún kejì, lọ́dún kẹta, nígbà táwọn èèyàn ti rò pé ó ti gbé e kúrò lọ́kàn.

Ẹ lọ ní méjì-méjì, ẹ má lọ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ìgbìmọ̀. Ẹ má bi í pé kí lẹ lè ṣe fún un, èèyàn tó wà nínú ọ̀fọ̀ kì í mọ ohun tó máa dáhùn, ẹ gbé ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ ti sè dání, ẹ fọ abọ́ tẹ́ ẹ bá bá nílẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Tó bá jágbe, ẹ jókòó. Ẹ dárúkọ ọkọ ẹ̀, ẹ sọ nǹkan tẹ́ ẹ rántí nípa ẹ̀, ohun tó máa ń sọ, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ọjọ́ tó kú àti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn sínú fóònù yín, kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ láwọn ọjọ́ yẹn lọ́dọọdún. Ọmọbìnrin Jẹ́fútà nínú Àwọn Onídàájọ́ 11 ò ní kí bàbá òun wá wàásù fún òun, oṣù méjì ló tọrọ kóun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun obìnrin fi lọ sunkún lórí òkè, wọ́n sì bá a lọ. Tí kò bá lè wá sí àdúrà Sátidé yín, ẹ gbé àdúrà náà lọ sílé ẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló wà tí kò dá sí i.

Lẹ́tà kẹta

Ìyá ìyàwó mi kú n'Íbàdàn ní April 2020 nígbà kónílé-ó-gbélé, a ò lè kúrò ní Abẹ́òkúta, orí fóònù ló ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sin ín. Ó ní kò sí wàhálà, ìyá ti dàgbà. Lọ́dún yìí ó lọ síbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n ṣe é rẹpẹtẹ, àtìgbà tó ti dé ló ti ń sunkún lálaalẹ́. Mo ti ra nǹkan fún un, mo ti ní ká jáde gbafẹ́, kò gbọ́. Ṣé ó ń jowú ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni?

— Ọkọ Ẹ̀, Ìbarà

Èsì

Kò jowú, ẹ̀gbọ́n. Ó rí ohun tí wọn ò jẹ́ kóun ṣe fún ìyá òun. Àwọn tó wà nípò ẹ̀ pọ̀ nípìnlẹ̀ Ògùn yìí, ọjọ́ kẹta April ọdún yẹn ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ló sin òbí lórí fóònù. Iyanrìn tó yẹ kó bù sí i, kò bù ú, orin tó yẹ kó bá wọn kọ, kò kọ ọ́. Ìyá tó dàgbà náà, ìyá ni.

Ẹ yé ra nǹkan. Ẹ bi í bóyá á fẹ́ lọ sí ibojì màmá n'Íbàdàn, tó bá ní òun fẹ́, ẹ jẹ́ kó mú ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lọ, títí kan ọ̀rẹ́ tó ṣòkú ìyá yẹn, kí pásítọ̀ ìjọ tí màmá ń lọ bá wọn ṣe ìsìn kékeré níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ san owó mọ́tò, ẹ bá wọn lọ tó bá ní kẹ́ ẹ wá, tí kò bá ní kẹ́ ẹ wá, ẹ dúró ti àwọn ọmọ nílé. Tó bá padà dé tó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ fún yín lóru, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbọ́ ọ.